Akọ ń lé abo kiri nínú táńkì: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ẹja Amazon yìí

Ìyá Ayọ̀ (Woolwich, London)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ra tọkọtaya ẹja Amazon kan, àwọn kékeré inú ìdílé tí wọ́n ń pè ní pike cichlid. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ táńkì wọn ní ṣọ́ọ̀bù ni Crenicichla regani. Wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn gbòòrò. Wọ́n á dúró sójú kan láìmira, ojú wọn nìkan ni yóò máa tẹ̀lé mi bí mo bá ń kọjá. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni.

Táńkì wọn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, omi inú rẹ̀ tó lítà 110. Yanrìn wà nísàlẹ̀, igi kan wà láàárín, ihò òkúta kan wà ní igun ọ̀tún. Láti ìgbà tí akọ ti gba ihò yẹn, abo ò rímú mí mọ́. Ẹ̀yìn hítà lókè ló máa ń lẹ̀ mọ́, ìrù rẹ̀ sì ti fàya. Nígbà mìíràn wọ́n á dúró pọ̀ jẹ́jẹ́, abo á fi ikùn pupa rẹ̀ han akọ. Kò ní pẹ́, akọ á tún gbá tọ̀ ọ́. Ṣé ìjà ni àbí ìfẹ́? Ṣé kí n yà wọ́n? Omi ẹ̀rọ wa níbí sì le, inú kẹ́tùlù mi ti funfun. Ṣé omi náà wà lára ohun tó ń bí wọn nínú?


Olówu Ẹlẹ́ja (Houston)

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú àmójútó. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ kọ́kọ́ lọ yà wọ́n. Abo tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn hítà ti wá ibi ìsádi títí, kò rí. Nínú odò, èyí tí wọ́n bá lé á lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Nínú dígí, kò sí ibi tó ń lọ. Akọ lè pa á mọ́jú.

Ẹ wá ike oníhò wẹ́wẹ́ tí omi lè gbà kọjá, ẹ gé e kó bá ìbú táńkì mu, kí ẹ fi dá a sí méjì. Kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n má lè fara kan ara wọn. Nígbà tí ìrù rẹ̀ bá ti hù padà, tó sì ń jẹun dáadáa, ẹ má kàn yọ ike náà o. Ẹ kó akọ síta ná, kí ẹ tú gbogbo inú táńkì tò lákọ̀tun. Akọ yẹn ti sọ igun ọ̀tún di ilé baba rẹ̀. Bí ó bá padà wọlé tí kò dá ibì kankan mọ̀ mọ́, abo á ti ráyè mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ihò kan ṣoṣo yẹn gan-an ló fa wàhálà. Nínú ìdílé ẹja yìí, abo ló ń yan ihò. Òun ló ń yé ẹyin síbẹ̀, òun ló ń sàba lé e. Ìta ni akọ ń ṣọ́. Tí akọ bá wá gba ihò kan tó wà, ibo ni kí ìyàwó wà? Ẹ ṣe ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹnu wọn má kọjú síra. Ó kéré tán, kí méjì nínú wọn ní ẹnu tí orí abo lè gbà ṣùgbọ́n tí ara akọ ò lè gbà. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Akọ máa ń gùn, ó sì máa ń nípọn ju abo lọ, nítorí náà kò ṣòroó ṣe. Ìkòkò òdòdó kékeré tí wọ́n fi amọ̀ ṣe ni mo ń lò: mo dà á délẹ̀, mo fi ẹ̀mú gé ẹnu kékeré sí etí rẹ̀, mo wá fi òkúta pẹlẹbẹ lé e lórí kó má baà ṣí. Eepo àgbọn náà dára, páìpù ike náà dára.

Ohun kejì, ẹ dí ojú ọ̀nà. Bí akọ bá lè wo táńkì láti igun kan dé èkejì, yóò máa rí abo nígbà gbogbo, á sì máa lé e. Ẹ to igi àti òkúta kí ó pín táńkì sí yàrá-yàrá. Sẹ̀ǹtímítà 80 lè gbà wọ́n bí ẹ bá tò ó báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lágbára àtira táńkì tó gùn ní mítà kan, ẹ má ṣe méjì. Ìsàlẹ̀ tó gbòòrò ni wọ́n nílò, gíga kò ṣe nǹkan kan fún wọn.


Àkàndé Olómi (Manchester)

Olówu ti sọ èyí tó ká mi lára jù. Ẹ̀yin bi wá pé ìjà ni àbí ìfẹ́. Méjèèjì ni, ìyá wa.

Abo ló máa ń ṣí ọ̀rọ̀. Ikùn rẹ̀ á pọ́n, á yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Á wá síwájú akọ, á tẹ ara kọdọrọ, á gbé ikùn yẹn síta, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n rìrì. Àmì dúdú tí òrùka funfun yí ká lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ á hàn kedere bí ó ṣe ń na lẹbẹ náà. Bí akọ bá ti ṣe tán, òun náà á gbọ̀n, wọ́n á jọ lọ yẹ ihò wò, abo á máa wọlé, á máa jáde, á máa bu yanrìn dà síta. Bí ọ̀kan bá ṣe tán tí èkejì ò tíì ṣe tán, ibẹ̀ ni ìlékiri ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ rí yẹn fi hàn pé abo yín gbà fún ọkọ yìí, èyí sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ẹ fi ẹja kékeré mìíràn sí òkè omi, bíi pencilfish tàbí hatchetfish, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Bí tọkọtaya bá rí i pé àwọn kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ láìbẹ̀rù, ọkàn wọn á balẹ̀ pé kò sí ewu nítòsí. Akọ á sì rí ẹlòmíràn tí yóò máa ṣọ́, kò ní fi gbogbo agídí rẹ̀ dojú kọ ìyàwó. Kí àwọn ẹja yẹn sá ti tóbi tó, nítorí ohunkóhun tó bá ti lè gba ẹnu wọn, oúnjẹ ni. Ẹ má fi Corydoras sí i ní tiyín. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tú kiri, wọ́n á jẹ ẹyin lóru.

Ẹ bo táńkì dáadáa. Wọ́n ń fò, pàápàá lóru àti nígbà tí ìjà bá le.

Nípa orúkọ, kí ó má dà yín láàmú bí ẹ bá rí i níbòmíràn pé Wallaciia regani ni. Ní 2023 àwọn onímọ̀ ẹja tú ìdílé Crenicichla ká, wọ́n kó àwọn kékeré wọ̀nyí sọ́tọ̀, wọ́n sì fi orúkọ Alfred Russel Wallace, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ayé àtijọ́ kan, sọ wọ́n. Ọkùnrin yìí rin odò Amazon àti Rio Negro láàárín ọdún 1848 sí 1852, ó ń ya àwòrán ẹja tó bá rí. Nígbà tó ń padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ jóná lórí òkun, ọ̀pọ̀ ẹrù rẹ̀ ṣègbé, ṣùgbọ́n ó rí àwòrán ẹja yẹn gbé jáde. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá jókòó síwájú táńkì mi.


Sísí Èkó (Súrùlérè)

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi ò ní pike cichlid. Ẹja tiwa gan-an ni mo ń sìn, Pelvicachromis pulcher tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis, ẹni tí odò apá gúúsù Nàìjíríà jẹ́ ilé rẹ̀. Òun náà, inú ihò ló ń yé sí, ikùn abo rẹ̀ náà sì máa ń pọ́n. Ìwà wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè dá sí i.

Ìyá Ayọ̀, ẹ wá ewé fúrúùtù gbígbẹ. Igi tó wà ní gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ níbí yìí ni mò ń wí, tí a máa ń ká èso rẹ̀ jẹ nígbà tí a wà léwe. Ewé tó bá ti pọ́n tó já fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ jù ú sómi. Omi á pọ́n bí omi àgbo, ẹja á sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí odò igbó ni wọ́n ti wá, ewé ló kún ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ní London wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù ẹja. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ewé tí à ń gbá dànù yà mí lẹ́nu.

Oúnjẹ ńkọ́? Níbí, ẹja wẹ́wẹ́ inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń gbọ̀n fún ẹja tó ń jẹ ẹran. Guppy ni wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni.


Ọmọ Ògùnpa (Ìbàdàn)

Ẹ̀gbọ́n mi Sísí Èkó, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ta ko ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní gọ́tà, ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, aràn sì wà nínú ikùn ẹja tó ń gbébẹ̀. Ẹja ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà kò gbọdọ̀ ti ara oúnjẹ ọ̀fẹ́ kú. Kódà guppy ti ṣọ́ọ̀bù, kí ènìyàn má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Tànwíjí ni kí ẹ lò. Ẹ gbé ike omi kan sí ìta lábẹ́ ibòji, ẹ jù ewé díẹ̀ sí i. Ẹ̀fọn á wá yé síbẹ̀. Kí wọ́n tó di ẹ̀fọn tán, ẹ fi asẹ́ gbọ̀n wọ́n, ẹ ṣàn wọ́n lómi mímọ́, ẹ fún ẹja. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n, torí èyí tí ẹ bá gbàgbé ni yóò wá fún gbogbo ilé ní ibà. Ekòló tí ẹ bá wà jáde láti inú ọgbà tí wọn ò fín oògùn sí náà dára, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ní ìgbà òtútù London tí kò sí ẹ̀fọn, ẹ ra àwọn ẹ̀dá omi wẹ́wẹ́ bíi bloodworm, mysis àti daphnia dídì, ẹ jẹ́ kó yọ́ kí ẹ tó fún wọn. Ẹja tí wọ́n mú láti odò lè kọ oúnjẹ gbígbẹ pátápátá. Ẹ fi èyí tó ń mira bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó máa pa á pọ̀ mọ́ dídì díẹ̀díẹ̀.


Ìyá Ayọ̀ (Woolwich, London)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yà wọ́n, abo sì ti sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn hítà, ó ń jẹ bloodworm. Sísí Èkó, ewé yín ti wọ omi, ó pọ́n dáadáa, àmọ́ mo wọn pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó), kò yí padà rárá. 7.8 ló wà tẹ́lẹ̀, 7.8 náà ló ṣì wà. Kí ló fà á?


Àkàndé Olómi (Manchester)

Ewé ò lè borí omi London, ìyá wa. Omi yín ń gba inú ilẹ̀ ẹfun kọjá, ẹfun yẹn ló wà nínú kẹ́tùlù yín. Gbogbo kíkan tí ewé bá tú sílẹ̀, ẹfun á pa á. Tiwa ní Manchester rọ̀, nítorí láti àwọn adágún orí òkè ló ti ń wá. Ewé díẹ̀ ti tó fún mi. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ dín ẹfun yẹn kù, ewé á wá lè ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ omi, tàbí kí ẹ gbe omi òjò. Bí ẹ bá pa omi RO pọ̀ mọ́ omi ẹ̀rọ ní ìdajì-ìdajì, líle rẹ̀ á dín sí ìdajì. Kí wọ́n kàn wà láàyè ní àlàáfíà, wọ́n lè gbé inú omi tí líle rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyin yè, kí pH wà láàárín 5 sí 6.5, kí omi rọ̀ gan-an, kí ooru rẹ̀ wà láàárín 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú omi líle, ẹyin wọn máa ń funfun, á sì bu, kì í ṣe ẹ̀bi abo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ìdọ̀tí tí ẹja ń tú sómi ń di ammonia, tó jẹ́ oró fún ẹja. Bí pH bá lọ sílẹ̀ ju 6 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di ammonium tí oró rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí inú fílítà tó ń jẹ ìdọ̀tí náà á dẹwọ́. Bí ẹnì kan bá wá da omi ẹ̀rọ líle púpọ̀ sínú irú táńkì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pH á fò sókè, ammonium á padà di ammonia, ẹja á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ gbọ́dọ̀ jọ èyí tó wà nínú táńkì. Ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù láé.

Ẹ tún rántí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní London, chloramine ni, kì í ṣe chlorine lásán. Gbígbé omi sílẹ̀ mọ́jú ò lè lé e lọ. Ẹ ra oògùn tó ń pa á.


Ọmọ Ògùnpa (Ìbàdàn)

Lórí omi òjò: ẹ má gbe èyí tó kọ́kọ́ rọ̀. Ẹ jẹ́ kó fọ òrùlé ná. Òrùlé tí wọ́n bá fi òjé dí etí rẹ̀, tàbí tí wọ́n fín oògùn èéhù sí, ẹ má gbe omi rẹ̀ rárá. Níbí, páànù tuntun àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni à ń ṣọ́.


Ìyá Ayọ̀ (Woolwich, London)

Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo ṣe gbogbo bí ẹ ṣe wí, ihò márùn-ún, ẹ̀rọ RO, ewé, pencilfish lókè. Mo kó akọ padà wọlé kẹ́yìn. Ó lé abo fún ìgbà díẹ̀, abo wọ inú ìkòkò tí akọ ò lè wọ̀, akọ ti ẹnu bọ̀ ọ́ títí, ó sú u, ó lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́. Láti àná abo ò jáde mọ́, orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: ẹyin wà lára ògiri ìkòkò lókè! Ṣé kí n kó akọ kúrò báyìí?


Olówu Ẹlẹ́ja (Houston)

Ẹ kú oríire! Ẹ fi akọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe níta yẹn. Ẹ sì pa tọ́ọ̀ṣì yẹn o. Abo tí wọ́n bá ń dà láàmú lè jẹ ẹyin rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ máa ṣọ́: abo tó ti yé máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè wá jẹ́ pé akọ ni yóò nílò ibi ìsádi báyìí. Bí ẹ bá rí akọ tó lẹ̀ mọ́ òkè, ẹ tètè dá ike yẹn padà.

Nínú omi tó wà ní ooru 27, ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n ìrù, oúnjẹ tó wà ní ikùn wọn ni wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyá á kó wọn jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Artemia (edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kí ẹ fún wọn. Ẹ ra ẹyin rẹ̀, ẹ dà á sínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Láàárín wákàtí 24 sí 36 á ti pa. Ẹ ṣàn iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láti òní, kí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn. Kí ẹ sì fi fóòmù dí ẹnu fílítà, kó má baà fa àwọn ọmọ wọlé.


Sísí Èkó (Súrùlérè)

Mo ń hó níbí! Ìbéèrè kan: bí mo bá rí irú ẹja yìí rà l'Ékòó, kí ni kí n ṣe nípa iná? Tèmi gbà pẹ̀lú ìṣòro NEPA, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá wọ̀nyí lè gbà á.


Ọmọ Ògùnpa (Ìbàdàn)

Fílítà fóòmù tí pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì ń fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ooru Èkó ti tó wọn, ẹ ò nílò hítà. Fílítà inú àpótí tí iná bá já kúrò lára rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á kú nítorí àìsí atẹ́gùn. Bí iná bá dé, ẹ má kàn tàn án padà. Ẹ kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táńkì fọ fóòmù rẹ̀. Omi ẹ̀rọ á pa èyí tó kù.


Àkàndé Olómi (Manchester)

Ìyá Ayọ̀, bí àwọn ọmọ bá ti ń dàgbà, ẹ ó rí i pé àwọn kan á yára ju àwọn kan lọ. Àwọn tó yára yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àbúrò wọn mì, torí náà ẹ pín wọn sí táńkì méjì bí ìtóbi wọn bá ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí ìyá àti bàbá tún yé ẹyin mìíràn lórí wọn, wọ́n á lé àwọn ti ìṣáájú pa. Nígbà tí wọ́n bá tó sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ mẹ́fà, ọkọ̀ ojú irin ni n ó bá wá gbé wọn.